Thomas Bewick, Ẹni tí Ó Fín Àwòrán Sára Igi ní Newcastle

Ìtàn tí a mú wá síwájú yín lọ́dún yìí kì í ṣe ti ọba, kì í ṣe ti jagunjagun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti olóṣèlú. Ìtàn oníṣẹ́-ọwọ́ kan ni, ọmọ àgbẹ̀, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ní agbègbè tí a gbé bí i títí ó fi kú, síbẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé láti òdìkejì òkun wá ń kí i ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Thomas Bewick ni orúkọ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi wá pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó ti kú láti ọdún 1828. Èsì wa ni pé kí onítọ̀hún gbé kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ sọ̀kalẹ̀ lára ògiri rẹ̀ kí ó wò ó. Àwòrán wà níbẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀, orí ìwé kan náà sì ni àwọn méjèèjì wà. Ẹnìkan ni ó jókòó tí ó pinnu ibi tí àwòrán yóò dúró sí, bí lẹ́tà yóò ti tóbi tó, àti àlàfo tí yóò wà láàárín wọn. Iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe jẹun lónìí ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù. A ti rí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan rí, a kò ní dárúkọ, tí lẹ́tà gàdàgbà gun orí kábíyèsí bí adé kejì. Ẹni tí ó ṣe é mọ lẹ́tà, ó sì mọ àwòrán, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti í mú àwọn méjèèjì gbé pọ̀ láìjà. Bewick mọ̀ ọ́n, igi ni ó sì fi ṣe é.

Oṣù Ògọ́sì ọdún 1753 ni a bí i ní Cherryburn, oko kékeré kan lẹ́bàá abúlé Mickley ní Northumberland, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ ọlọ́ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń dá, ó sì ń wa èédú inú ilẹ̀ tà fún àwọn ará agbègbè náà. Ọmọ mẹ́jọ ni ìyá rẹ̀ bí, Thomas sì ni àkọ́bí wọn. Nígbà tí ó tó ẹni tí ń lọ sí ilé-ìwé, wọ́n fi í sọ́dọ̀ àlùfáà Ovingham, ní òdìkejì odò Tyne, kí ó kọ́ ìṣirò àti èdè Látíìnì. Ohun tí ọmọ náà ṣe pẹ̀lú síléètì rẹ̀ ni pé kíákíá ni ó máa ń ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, kí ó lè rí àyè ya ẹṣin àti ajá sí ìyókù. Nígbà tí síléètì kò gbà á mọ́, ó bọ́ sí orí òkúta ibojì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ẹfun ya àwòrán sí ilẹ̀ ìloro ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ya òkúta ìdí ààrò ìyá rẹ̀ nílé. Ó jẹ pàṣán, kò sì jáwọ́. Àwa tí a ti di pàṣán mú fún ọdún púpọ̀ nínú iṣẹ́ olùkọ́ kò lè ka ibi yìí láìsọ ojú sílẹ̀, nítorí a rántí ọmọ kan ní kíláàsì kẹta tí a nà nítorí pé ó ya ewúrẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ náà dára.

Ọmọ yìí kò tíì gbọ́ rí pé iṣẹ́ kan wà tí a ń pè ní iṣẹ́ àwòrán. Àwòrán tí ó mọ̀ kò ju àmì ọba tí a kùn sínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àti pátákó tí ó wà lẹ́nu ilé ọtí Ovingham: akọ màlúù dúdú, ẹṣin funfun, ẹja, àti àwọn ajá pẹ̀lú ehoro. A bẹ̀ yín kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Pátákó ọlọ́tí ni ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì tijú rẹ̀ títí ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀kítóbà ọdún 1767, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 14, wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ralph Beilby ní ìlú Newcastle. £20 tí ìyá-ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni wọ́n san. Ọdún méje ni àdéhùn náà. Kò sí ohun tí a lè fín tí wọn kì í gbà ní ṣọ́ọ̀bù Beilby: èdìdì, ojú aago, ṣíbí fàdákà, pátákó orúkọ tí a ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn, ti ara pósí, bàbà tí a fi ń tẹ ìwé owó àwọn oníṣòwò, àní ìdè ọrùn ajá pàápàá. Iṣẹ́ tí ọ̀gá kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ ni dídán bàbà àti fífín irin tí ó le, tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi wú tí ó sì yi bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ.

Nígbà náà olùkọ́ ìṣirò kan wà ní Newcastle tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Hutton, ẹni tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n olókìkí lẹ́yìn náà. Ó ń kọ ìwé lórí ìwọ̀n, ó sì fẹ́ kí àwọn àwòrán onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin àti olóbìírípo wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣàlàyé wọn gan-an. Beilby kò fẹ́ràn iṣẹ́ igi, nítorí náà ó taari rẹ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Bewick fín wọn, títí kan ilé ìṣọ́ gíga ti ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas tí Hutton fi kọ́ni bí a ti í mọ gíga ohun tí ọwọ́ kò tó. Ìwé náà jáde ní ọdún 1770. Lẹ́yìn èyí ilé ọtí kan ní kí ó fín àwòrán George Mímọ́ pẹ̀lú dírágónì sí orí ìwé owó wọn, inú àwọn ènìyàn sì dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ igi fi ń wọlé fún ṣọ́ọ̀bù Beilby lójoojúmọ́.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín kí a ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tẹ àwòrán sínú ìwé nígbà náà. Èkíní ni ti bàbà. A ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín ojú bàbà, a ó fi yíǹkì kún inú ibi tí a fín, a ó nu ojú rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà ni a ó fi ẹ̀rọ alágbára tẹ ìwé tí a ti rin mọ́ ọn, kí ìwé lè fa yíǹkì jáde láti inú kòtò wọ̀nyí. Àwòrán bàbà lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò lè bá lẹ́tà jókòó. Orí ni lẹ́tà òjé fi ń gba yíǹkì, kì í ṣe inú kòtò. Nítorí náà ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà, owó rẹ̀ ga, àwòrán a sì máa dá wà lójú ewé tirẹ̀ bí àlejò tí a kò fún ní àga láàárín àwọn ará ilé.

Ọ̀nà kejì ni ti igi. Ohun tí a kò gbẹ́ kúrò ni ó ń gba yíǹkì, gẹ́gẹ́ bí ti lẹ́tà. Ṣùgbọ́n pákó tí a là ní òró ni àwọn agbẹ́gi ìgbà náà ń lò, ọ̀bẹ ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ẹ, nítorí náà ìlà rẹ̀ nípọn, ó sì máa ń ṣán. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ìwé orin olówó pọ́ọ́kú ni, kò sí gbajúmọ̀ tí ń bu ọlá fún un. Bewick mú igi kan tí ó le tí ó sì dán, tí wọ́n ń pè ní boxwood, ó gé e bí a ti í gé iṣu, kì í ṣe bí a ti í la igi ìdáná, ó sì lo irin àwọn afínbàbà ní ojú ibi tí ó gé náà. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ gé igi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó fi hàn bí ó ti lè dára tó. Igi tí a gé bẹ́ẹ̀ kò ní ìṣán tí yóò darí irin sí ibi tí kò fẹ́, nítorí náà ìlà tí ó tín-ín-rín bí irun ṣeé fín sí i. Àwọn tí ó mọ bí àwọn finígbá Ọ̀yọ́ ti ń ṣe yóò tètè lóye rẹ̀: ibi tí irin bá gbà ni ó ń di funfun. Bewick kì í wulẹ̀ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà dúdú kúrò. Ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń yàwòrán lórí òkùnkùn, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti ń fi ẹfun kọ̀wé sára pátákó dúdú. Ibi tí ó bá fẹ́ kó jìnnà, irú bí òkè tàbí ìkùukùu, a fá ojú igi náà lọ sílẹ̀ díẹ̀ kí yíǹkì rẹ̀ lè rọra hàn. Lékè gbogbo rẹ̀, gíga igi náà bá gíga lẹ́tà òjé mu rẹ́gí. A lè dè é mọ́ àárín ọ̀rọ̀, kí a sì fi ẹ̀rọ kan tẹ àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àlejò rí àga.

Nígbà tí ó gba òmìnira ní ọdún 1774, ó padà sí Cherryburn, ó ń gba iṣẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń ran iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ fún un ní ẹ̀bùn nítorí àwòrán igi rẹ̀, wọ́n ní kí ó yan èyí tí ó bá fẹ́ nínú àmì-ẹ̀yẹ àti gíní méje. Ó yan owó, ó sì gbé e fún ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1776 ó rán gíní mẹ́ta mọ́ ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri ilẹ̀ Scotland. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má bínú sí wa. Iṣẹ́ kò wọ́n Bewick níbẹ̀, àwọn ọ̀gá sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú náà kò bá a lára mu rárá. Ó rí ọrọ̀ ńlá àti òṣì ńlá lójú pópó kan náà, kò sì rí ẹni tí ó bìkítà. Ó ní ó sàn kí òun máa da àgùtàn lórí òkè Mickley fún ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ jù kí òun gbé Lọ́ńdọ̀nù lọ. Kò pé ọdún kan tí ó fi padà, ní ọdún 1777, tí òun àti Beilby sì da ṣọ́ọ̀bù pọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ó ti sọ oríire rẹ̀ nù. Láàárín ọ̀sẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́ ní Newcastle, bí ó bá sì di ọjọ́ Ìsinmi a rin máìlì tí ó lé ní 10 lọ kí àwọn òbí rẹ̀, yálà òjò ni tàbí yìnyín, títí ọdún 1785 tí àwọn méjèèjì fi kú.

Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ kú gan-an, ní ọjọ́ 15 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún yẹn, ni ó fín ràkúnmí, àwòrán àkọ́kọ́ nínú ìwé ńlá tí ó ti ń rò láti ìgbà èwe. Àwòrán ẹranko inú ìwé tí ó kà ní ilé-ìwé burú lójú rẹ̀, ó sì ti pinnu pé àwọn ọmọdé yẹ fún èyí tí ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sán ni iṣẹ́ àwọn oníbàárà, alẹ́ ni iṣẹ́ ẹranko. Ní ọdún 1786 ó gbé Isabella Elliot níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́rin. Ìwé ẹranko ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà jáde ní Newcastle ní ọdún 1790. Beilby ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó tà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tún un tẹ̀ ní 1791 àti ní 1792.

Ọdún kan ṣáájú èyí ni ọ̀rọ̀ akọ màlúù Chillingham ṣẹlẹ̀. Ọlọ́rọ̀ kan tí ń kó ohun àràmàǹdà jọ ni ó ní kí ó fín akọ màlúù ìgbẹ́ funfun tí ó wà ní Chillingham. Ẹranko náà kò jẹ́ kí ènìyàn sún mọ́ ọn. Ìgbà tí Bewick lọ wò ó, ó ní láti fà kiri lórí ìkúnlẹ̀. Igi tí ó tóbi ju èyí tí ó ń lò lọ ni ó fín in sí, iṣẹ́ náà sì jọ ọ́ lójú ju gbogbo èyí tí ó ti ṣe lọ. Wọ́n tẹ ẹ̀dà díẹ̀, wọ́n fi igi sílẹ̀, nígbà tí wọn yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, igi ti là. Wọ́n tún un dè, ṣùgbọ́n ẹ̀dà díẹ̀ ìṣáájú nìkan ni ó pé. Afíngi tí ó bá ka èyí yóò mi orí.

Ó wá kọjú sí ẹyẹ. Ní ọdún 1791 ó lọ sí Wycliffe láti ya àwọn ẹyẹ tí a kì gbẹ tí ó wà nínú àkójọ ibẹ̀, ó sì lo nǹkan bí oṣù méjì. Nígbà tí ó padà dé ó rí i pé ẹyẹ tí a kì gbẹ máa ń dúró bí ẹni tí kò ní eegun, ó sì kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà tì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de èyí tí àwọn ọdẹ àti ọ̀rẹ́ bá fi ránṣẹ́ sí i ní tútù. Ìwé ẹyẹ orí ilẹ̀ jáde ní ọdún 1797, ti ẹyẹ omi sì tẹ̀ lé e ní 1804. Àwa kò mọ ìwé mìíràn ní ìgbà náà tí ènìyàn lè fi ìka tọ́ ìyẹ́ ẹyẹ rẹ̀ tí yóò fi rò pé òun yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ìwé yìí ni ó tú òun àti ọ̀gá rẹ̀ ká. Beilby fẹ́ kí orúkọ òun wà níwájú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ ọ́. Bewick sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó fi alẹ́ ọdún púpọ̀ jókòó ti igi. Àwọn ọ̀rẹ́ dá sí i, wọn kò sì kọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé. Bewick ra ìpín Beilby, wọ́n sì pín yà lẹ́yìn ogún ọdún. Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Ọ̀rọ̀ Beilby kò burú. Ṣùgbọ́n nítorí àwòrán ni àwọn ènìyàn ṣe ń ra ìwé náà, Beilby sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A fi ohun tí a fẹ́ràn jù sí ẹ̀yìn. Bí ọ̀rọ̀ lórí ẹyẹ kan bá parí tí àyè ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ojú-ìwé, Bewick kì í fi í sílẹ̀ lófìfo. Ó ń fín àwòrán kékeré sí i, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, tí kò ní igun, tí etí rẹ̀ ń pòórá sínú funfun ìwé bí èéfín. Ọkùnrin kan kò fẹ́ san owó afárá, ó di ìrù màlúù mú kí ó fi lúwẹ̀ẹ́ kọjá odò, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbé fìlà rẹ̀ lọ, tí iye rẹ̀ sì ju owó afárá lọ fíìfíì. Abo àgùtàn kan dúró nínú yìnyín pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ń jẹ ìgbálẹ̀ gbígbó nítorí kò sí koríko. Afọ́jú kan ń tẹ̀ lé ajá rẹ̀ lórí afárá. Igi tí wọ́n fi ń so ọ̀daràn kọ́ yọ ní ọ̀nà jíjìn, àwọn tí ń kọjá kò sì wò ó. Ẹni tí ó bá rò pé ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ̀nyí kò tíì wò wọ́n dáadáa. Àyè tí ó ṣẹ́kù lórí ìwé ni ó sọ di ibi tí òtòṣì ti ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ó mọ ìwọ̀n: dúdú àwòrán náà kì í borí dúdú lẹ́tà tí ó wà lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kì í tẹ àwòrán mọ́lẹ̀. Àwọn tí ń ṣètò ojú-ìwé lónìí ń fi owó kọ́ irú ìwọ̀n yìí. Ọwọ́ kan náà ni ó sì fi ń ṣe orí ìwé owó, àmì orí ìdì ọjà àti káàdì àwọn oníṣòwò, èyí tí ó pọ̀ ju ìwé ẹyẹ lọ nínú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà.

Ìgbà kan tún wà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Láti 1797 tí owó ìwé ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ayédèrú rẹ̀ gbilẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwòrán orí rẹ̀ rọrùn láti fara wé, ọ̀pọ̀ tálákà tí a bá a lọ́wọ́ wọn ni a sì so kọ́. Bewick gbà pé bí a bá fi àwòrán tí ọwọ́ àwọn ayédèrú kò lè tẹ̀ lé sórí owó náà, ẹ̀mí púpọ̀ yóò là. Ó ṣe irú rẹ̀ fún báńkì kan ní Carlisle. Fún ìwé àlọ́ Aesop tí ó jáde ní ọdún 1818, ó ṣe rísíìtì kan fún àwọn olùrà, ó sì tẹ àmì àtàǹpàkò ara rẹ̀ sí i pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ẹni tí ń ra ìwé lè mọ̀ pé ojúlówó ni.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Charlton Nesbit, Luke Clennell àti William Harvey lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gba orúkọ níbẹ̀. Ó bani nínú jẹ́ pé orí Clennell dàrú ní ọdún 1817. Nípasẹ̀ irú wọn ni iṣẹ́ igi fi tàn kálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ìròyìn alàwòrán ti Lọ́ńdọ̀nù, Illustrated London News, fi lè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1842 pẹ̀lú àwòrán àti ọ̀rọ̀ lójú ewé kan náà. Nínú ìwé ìtàn Jane Eyre tí Charlotte Brontë kọ ní ọdún 1847, ìwé ẹyẹ Bewick ni ọmọbìnrin aláìlóbìí náà ń wò lẹ́yìn aṣọ fèrèsé ní ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1827 Audubon, ayàwòrán ẹyẹ láti Amẹ́ríkà, wá kí i. Arúgbó ni ó bá, tí ó ṣì ń fín igi. Audubon fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹyẹ kékeré kan ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà. Láti 1822 ni Bewick ti ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún Jane ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1862, ibẹ̀ sì ni a ti mọ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a sọ yìí. Iṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni àwòrán ẹṣin arúgbó kan tí ó ti sin ọ̀pọ̀ ọ̀gá, tí gbogbo wọn ti lò ó tán, tí ó wá dúró nínú òjò tí ó ń retí ikú. Ó fẹ́ kí ó tóbi kí àwọn mẹ̀kúnnù lè rà á kọ́ sára ògiri ilé wọn. Kò parí rẹ̀. Ó kú ní Gateshead ní ọjọ́ 8 oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1828, wọ́n sì gbé e lọ sin sí Ovingham, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí ó ti ń fi ẹfun ya ẹṣin àti ajá sórí òkúta ibojì nígbà tí ó wà ní ọmọ ilé-ìwé.